Ọ̀nà Àpáàdì

Nígbà tí Báálẹ̀ Àrẹ̀mú kéde pé gbogbo abúlé Ìdí-Apá yóò ṣí lọ sí ẹ̀bá títì ní Ìyànà Ọ̀fà, kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Kí ni wọn ì bá fi jiyàn? Ọyẹ́ ọdún 1959 mú débi pé ètè àgbà là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tó gbẹ. Kùdù tí wọ́n ń pọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ abúlé náà dó ti di ẹrẹ̀, ìwọ̀nba omi tó kù nínú rẹ̀ sì ti kó sòbìyà ran ọkùnrin mẹ́fà. Wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, wọn kò lè ṣán oko. Odò tó kù jẹ́ ìrìn máìlì mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Ibi tí omi bá wà ni èèyàn ń tẹ̀dó sí. Báálẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà mi orí, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dìde lábẹ́ igi apá. Ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó dúró ṣánṣán.

“Báálẹ̀, ẹ fún mi ní ìtàdógún.”

“Ìtàdógún kí ni, Bàbá Stéṣàn? Ọkọ̀ ojú irin kankan kò gba ibí kọjá o.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lazarus Àkànbí kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé rélùwéè, láti Òṣogbo dé Zaria, kí ó tó fẹ̀yìn tì wálé, nítorí náà ni gbogbo abúlé ṣe ń pè é ní Bàbá Stéṣàn. Bàtà tó ń dán ló máa ń wọ̀ lọ sóko. Ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù kì í kúrò lápò rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, lójú tirẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀.

“Omi wà ní Ahoro Ìjàká,” ni ó wí.

Ẹ̀rín dá. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ Ahoro Ìjàká. Ìlú àtijọ́ ni, tí ogun tú ká nígbà ayé àwọn baba ńlá wọn. Igbó ńlá ti bò ó, kọjá oko kòkó tó parí sí ìhà àríwá. Kò sì sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa ìsun kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àìgbẹ, omi abẹ́ àpáta, tí àwọn ará Ìjàká ń pọn nígbà tí ọ̀tá dó tì wọ́n fún oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí òùngbẹ kò sì pa ọmọdé kan. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, ẹnì kankan kò rí i. Ẹnu Motúnráyọ̀, ìyàwó Lazarus, ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ́ ọ, nítorí pé ọmọ Ìjàká ni ìyá rẹ̀ àgbà, ibẹ̀ ló ti ṣe ọmọbìnrin kí ogun tó dé. Lazarus fúnra rẹ̀ kò kà á sí. “Ìtàn àwọn obìnrin,” ni ó máa ń wí, a sì yí ojú padà sínú ìwé ìròyìn.

Nínú oṣù Kẹjọ tó kọjá ni Motúnráyọ̀ kú. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn tó gbìn fúnra rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. Yẹ̀pẹ̀ lásán ni ó ṣì wà lórí rẹ̀. Lazarus ti ra àpò sìmẹ́ńtì méjì, ó gbé wọn sínú yàrá, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi omi po sìmẹ́ńtì níbi tí aláàyè kò ti rí mu? Bí abúlé bá sì ṣí lọ, òjò ọdún méjì péré ti tó. Ògiri yóò wó, igbó yóò wọlé, ibojì yẹ̀pẹ̀ kò ní ní orúkọ mọ́. Ahoro ni yóò dà, bíi Ìjàká gan-an. Lazarus kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lábẹ́ igi apá títí ẹ̀rín fi tán.

“Ó dáa,” Báálẹ̀ wí níkẹyìn. “Ìtàdógún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá pé, bí o kò bá fi omi hàn wá, a ó gbé ẹrù.”

Lìádì nìkan ló bá a lọ. Àgbẹ̀ kòkó ni Lìádì, wọ́n jọ dẹ pàkúté ẹmọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n sì jọ ń darúgbó báyìí. Ohun tí Lazarus kì í sọ lọ́sẹ̀ kan, Lìádì ń sọ ọ́ kí ó tó bọ́ ojú tán. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, a gbé ọkọ́ àti àdá kọ́ èjìká, a sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Àkànbí, jáde wá! Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè!”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ya Lazarus lẹ́nu. Wọ́n gba inú oko kòkó kọjá, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ìkùukùu ọyẹ́ funfun láàárín igi. Lẹ́yìn náà igi ga sókè: ìrókò, àràbà, àfàrà, tí èèyàn mẹ́ta kò lè dì mọ́ ìdí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá odi. Òkìtì gàgàrà ni, ó gùn lọ sọ́tùn-ún sósì títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni yàrà wà, ó jìn ju èèyàn lóòró lọ, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún òjò ni ó ti ń kó yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀.

“Bísímílà,” Lìádì wí, ó sì yọ̀ wọnú yàrà lórí ìdí. Ohùn rẹ̀ dún wá láti ìsàlẹ̀. “Ọkọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ èyí o! Ọkọ́ lásán! Àwa tí a ń ráhùn lórí ebè iṣu.”

Nínú odi náà, wọ́n rí igi obì tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé àná ni wọ́n gbìn ín. Obì ń so, ó ń jábọ́, kò sí ẹni tó ń ṣà á. Wọ́n rí òkìtì ilé, ọlọ tí ojú rẹ̀ ti jẹ wọnú bí àtẹ́lẹwọ́. Àgbìgbò ké lókè, ó ṣán apá kọjá. Nígbà tí oòrùn mú ìkùukùu kúrò, wọ́n gun orí àpáta kan tó yọrí láàárín igbó, wọ́n sì rí páànù Ìbàdàn tó ń kọ mànà lókèèrè réré. Lazarus jókòó lórí àpáta náà. Ìrìn ìdajì wákàtí péré ni ibí yìí sí ilé rẹ̀. Ìgbà mélòó ni Motúnráyọ̀ ti wí pé, “Ẹ jẹ́ ká lọ wo Ìjàká lọ́jọ́ kan”?

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ibi tí omi wà, ẹnu Motúnráyọ̀ ló sì ti gbọ́ ọ: láti ẹnu bodè dé Àìgbẹ, ọ̀nà náà kò ju kí èèyàn jẹ awẹ́ obì kan tán. Bodè wo? Èyí kò le, lójú Lazarus. Níhà ìwọ̀-oòrùn odi, pèrègún mẹ́ta dúró ní ìlà kan, wọ́n ga, wọ́n sì nípọn. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé pèrègún kì í dédé tò. Bí o bá rí i nínú igbó, ọwọ́ èèyàn ló fi síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: *Pèrègún mẹ́ta. Ẹnu bodè.* Ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obì nìyẹn. Yóò dúró nídìí pèrègún, yóò ju awẹ́ kan sẹ́nu, yóò sì máa rìn lọ tààrà bí ọkọ̀ ojú irin, aago lọ́wọ́, títí obì yóò fi tán. Ibi tó bá tán sí ni Lìádì yóò ti fi ọkọ́ bọlẹ̀. Wọ́n lọ sọ́tùn-ún, wọ́n lọ sósì, wọ́n wọnú yàrà, wọ́n jáde. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń bá, àti àwọn ìjàlọ tó ń bínú. Lazarus jẹ obì débi pé oorun kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nílé, àwọn èèyàn ti ń di ẹrù. Mùsílímátù, ìyàwó Lìádì, ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Òun àti Motúnráyọ̀ jọ máa ń lọ sódò ni, ó sì ń bí i nínú pé ẹ̀yìn ikú ọ̀rẹ́ òun ni Lazarus ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka ìtàn rẹ̀ sí.

“Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Stéṣàn. Ṣé ọkọ̀ ti dé àbí ó tún pẹ́ lọ́nà?”

“Ó ń bọ̀,” Lazarus a wí.

“Ẹ bá mi sọ fún awakọ̀ náà pé kó dá ọkọ mi padà. Kòkó ń bẹ lórí igi.”

Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n jókòó sábẹ́ pèrègún, wọ́n ń jẹ iṣu sísun. Ihò mẹ́tàdínlógún ti wà láyìíká wọn, gbogbo rẹ̀ gbẹ bí ààrò. Lìádì wo ihò, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Àkànbí, kí ló dé gan-an tó jẹ́ pé ibí yìí la ń yí po?”

“Kí ló dé bí? Ṣé o kò rí pèrègún ni? Ẹnu bodè nìyí.”

Lìádì dá jíjẹ dúró. “Pèrègún wo? Mẹ́ta yìí?”

“Kí ni ìwọ rò tẹ́lẹ̀?”

“Èmi rò pé o fẹ́ràn ibòji rẹ̀ ni.” Lìádì gbé iṣu sílẹ̀. “Bàbá mi ló gbìn wọ́n. Ààlà oko wa àti ti ilé Jùbrílù ni, kí a tó pa ìhín tì fún igbó. Èmi gan-an ni mo ru wọ́n lórí wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ọdún tí àrùn lúkúlúkú dé ni. Ìwọ ti lọ síléèwé nígbà náà.”

Lazarus wò ó.

“Lìádì. Ọjọ́ mọ́kànlá.”

“O kò bi mí! O ń kọ̀wé. Ta ni yóò já lu ẹni tó ń kọ̀wé?”

Lazarus gbé iṣu tirẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ ìwé rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá láàárín ohun tó kọ, ó sì pa ìwé dé. Wọ́n kó ọkọ́ àti àdá, wọ́n sì rìn padà sílé.

Kò lọ sí igbó ní ọjọ́ kẹtàlá. Ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń wo igi ọsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, ó jáde sí ojú ọ̀nà, ó sì bá àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀, ìkòkò lórí, ojú wọn funfun fún eruku. Mùsílímátù ló ṣáájú. Bó ti rí Lazarus, ó la ẹnu láti ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ gbòǹgbò, ìkòkò sì já lulẹ̀, ó fọ́. Máìlì mẹ́fà dà sínú eruku, ilẹ̀ sì mu ún lójú wọn.

Mùsílímátù dúró, omi ń kán láti orí òṣùká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àpáàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ojú ti Lazarus nítorí tirẹ̀. “Kó wọn wálé,” ó wí. “Èyí tó tóbi yẹn yóò ṣe é wa iná.”

“Èèwọ̀!” Mùsílímátù gbójú sókè. “A kì í kó àpáàdì ìkòkò omi wọlé, Bàbá. Ibi tí omi bá dà sí ni àpáàdì rẹ̀ ń gbé. Ṣé Motúnráyọ̀ kò sọ fún yín rí ni?”

Ó sọ fún un rí. Ní Òṣogbo, ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ní ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, ó fọ́ ìkòkò láàárín ẹ̀rọ omi àti ilé. Lazarus ní kó gbá àpáàdì rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí ọ̀gá òyìnbó má baà rí i. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn yìí kan náà. *Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi àgbà ṣe ń ṣe.* Lazarus bínú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó dúró lójú ọ̀nà, ó wo àpáàdì tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti Mùsílímátù nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ó ti ń wo ọ̀nà odò lọ, ó rí wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún, àtijọ́ àti tuntun, ìkòkò gbogbo obìnrin tó ti fẹsẹ̀ kọ láàárín omi àti ilé. Ó yọ ìwé rẹ̀. Ó ṣí i padà sí ọjọ́ kẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó gún régé: *Ìhà ìlà-oòrùn odi. Àpáàdì púpọ̀ nílẹ̀. Kò wúlò.*

“Lìádì!” Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kí Bàbá Stéṣàn ké rí ní Ìdí-Apá. “Lìádì, gbé ọkọ́!”

Wọ́n bá àlàfo kan ní ìlà-oòrùn odi, ibi tí yàrà ti dàbí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbẹ́. Ẹnu bodè ni. Lazarus kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀, ó fi ọwọ́ gbá ewé. Àpáàdì kan, ó nípọn, wọ́n fi ọgbọ́n fín etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá síwájú, òmíràn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú odi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárín àpáta, bí ọ̀nà sì ṣe ń yọ̀ tó ni àpáàdì ń pọ̀ tó, nítorí pé ibi tí ilẹ̀ bá ti yọ̀ ni obìnrin ti ń ṣubú.

“Jẹ obì,” Lìádì wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ha?”

“Ju awẹ́ kan sẹ́nu. Jẹ́ ká wò ó.”

Lazarus padà sí ẹnu bodè, ó ju awẹ́ obì kan sẹ́nu, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀nà àpáàdì. Ó gbé obì náà mì tán níwájú ògiri àpáta kan tí igi ọ̀pọ̀tọ́ fi gbòǹgbò dì mú. Kò sí omi níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ya lulẹ̀ láti òkè, ó ti bo ìdí àpáta náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ tó ti pa gbogbo ewé igbó lára, ewé eéran tó wà ní ẹsẹ̀ àpáta yìí tutù yọ̀yọ̀.

Wọ́n gbẹ́ ẹ títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, yẹ̀pẹ̀ dúdú ni wọ́n bá, ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Omi kò yọ. Lìádì bù ú, ó fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀.

“Ọ̀la ni ọjọ́ pé,” ó wí.

“Mo mọ̀.”

“Kí la ó sọ fún wọn?”

Lazarus nu ọkọ́ mọ́, ó gbé e kọ́ èjìká. “A ó ní kí wọ́n gbé ìkòkò.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo abúlé tẹ̀lé e, púpọ̀ nínú wọn nítorí àtirẹ́rìn-ín. Ẹrù ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Báálẹ̀ Àrẹ̀mú fi ọ̀pá rìn. Àwọn aládùúrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú agogo wọn, àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù tó ṣófo. Lazarus ṣáájú, kò bojú wẹ̀yìn. Ní ẹnu bodè ló ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa wo ilẹ̀. Àwọn ìyá yín ló ń júwe ọ̀nà.”

Mùsílímátù wo ilẹ̀. Ó dúró. Ó fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ àpáàdì kan, lẹ́yìn náà òmíràn. “Yéè,” ó wí jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti iwájú dé ẹ̀yìn bí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ń mọ ohun tó ń tẹ̀.

Kí wọ́n tó dé ìdí àpáta ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Omi ń dún. Ihò àná ti kún dẹ́nu, ó mọ́ gaara, ó ti borí etí ihò, ó sì ti la ọ̀nà tóóró fún ara rẹ̀ lọ sínú ewé eéran. Ní gbogbo òru ni Àìgbẹ fi ń fọ ẹnu rẹ̀.

Ariwo tó sọ lé igbó náà, ẹyẹ ta kúrò lórí igi gbogbo. “Halelúyà!” pàdé “Àláhù Àkíbárù!” lójú àpáta, agogo ń dún, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ lu ìkòkò. Lìádì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá bí ẹni tí kò ní dìde mọ́. Báálẹ̀ fi igbá bu omi, ó mu ún, ó tún bu ú.

“Ó dùn,” ó wí. Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. “Ẹ lọ tú ẹrù.”

Wọ́n fẹ́ gbé Lazarus sókè. Kò gbà. Ó ní kí Mùsílímátù yá òun ní ìkòkò kan. Wọ́n ní kó jẹ́ kí obìnrin kan bá a rù ú, pé àgbà ọkùnrin kì í ru omi. Ó ní rárá. Ó ká òṣùká, ó gbé ìkòkò lé orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán. Ní ibi tí àpáàdì ti pọ̀ jù gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ìkòkò fọ́ yángá. Omi dà lé e lórí láti fìlà dé bàtà.

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó.

“Bàbá Stéṣàn,” ohùn Mùsílímátù wá láti ìsàlẹ̀, “ẹ kó àpáàdì yín wálé o, ká fi wa iná!”

“Èèwọ̀,” Lazarus wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn obìnrin Ìjàká. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kẹjọ, gbogbo igbó sì bá a rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú. Ó sọ̀ kalẹ̀ padà lọ pọn òmíràn.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti fi omi Àìgbẹ po àpò sìmẹ́ńtì méjèèjì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, ó fi pákó dán an títí ó fi tẹ́jú. Ó yọ pẹ́ńsù lápò, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀:

*Ó sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.*